ỌGBÀ ÌRÁNTÍ OGUN NÍ UMUAHIA, ÀTI OHUN TÍ Ó BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ WA

Àwíyé tí a sọ fún àwọn ará Ìjọ ní Ifákò-Ìjàyè, ní ọ̀sẹ̀ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun



Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò àwọn àwíyé wọ̀nyí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, èrò mi àkọ́kọ́ ni pé kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Èmi kì í ṣe ọmọ ogun, èmi kò sì gbé ìbọn rí. Ọdún 1971 ni a bí mi, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa parí. Nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa ogun kò ju èyí tí mo kà àti èyí tí mo gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ní ọdún tí ó kọjá, èmi àti àwọn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Ìjọ wa rin ìrìn-àjò lọ sí Umuahia, láti wo ọgbà ńlá tí a kó àwọn ohun ìjà ogun náà jọ sí. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan tí a sọ fún mi níbẹ̀, kò yẹ kí ó jẹ́ tèmi nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi lọ. Bàbá mi, ẹni tí ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 2018, wà lára àwọn ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n jà ní apá ìlà-oòrùn. Kì í ṣe olórí ogun. Awakọ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń wà, oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ni ó sì ń kó. Fún ọdún 48 tí ó lò láyé lẹ́yìn tí ó padà sílé, kò fi ìtàn ogun dá wa lára yá rí, bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe. Àṣà kan ṣoṣo ni ó ní tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu: kò jẹun tán rí. Bí ó ti wù kí oúnjẹ náà kéré tó, yóò bu díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo, yóò pe ọmọ kan tí ń kọjá ní òde, ìbáà ṣe ọmọ ẹni tí a kò mọ̀, yóò sì dúró tì í títí ọmọ náà yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ìyá mi máa ń ráhùn sí i, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Nígbà tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn tí ó mú un lọ ni ó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi yóò sọ ọ́ fún yín nígbà tí ó bá kàn án.

I. ÀWỌN OHUN ÌRÁNTÍ TÍ Ó WÀ LÁÀRIN WA

Ohun ìrántí ogun kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Àwọn àgbà tí ó wà níbí kò ní ṣàì rántí ère ọmọ ogun tí ó dúró ní Ìdúmọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sójà Ìdúmọ̀tà, tí a sì fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. A ti gbé e kúrò níbẹ̀. Ní Gbàgede Tafawa Balewa, tí a kọ́ ní ọdún 1972 sí orí pápá ìsáré ẹṣin àtijọ́ níbi tí a ti gba òmìnira ní 1960, àyè ìrántí kan wà fún àwọn tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àti nínú ogun abẹ́lé. Kí ó tó di ọdún 1970, ọjọ́ 11 oṣù November ni a ń ṣe ìrántí àwọn òkú ogun, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é. A yí i padà sí ọjọ́ 15 oṣù January nítorí pé ọjọ́ náà gan-an ni ogun abẹ́lé parí. Ní ọjọ́ náà a máa ń fi òdòdó sílẹ̀ fún àwọn òkú, a sì máa ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kí ó fò lọ.

Àwọn ìrántí mìíràn wà tí a ń dárúkọ lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ìrántí ni wọ́n. Bárékè Arakan ní Àpápá, Bárékè Dodan ní Ọbáléndé, Bárékè Letmauk ní Ìbàdàn: orúkọ ibi ní ilẹ̀ Bọ́mà ni gbogbo wọn, níbi tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bá àwọn ará Japan jà ní ìgbà ogun Hitler. Marda, tí a fi sọ bárékè kan ní Yábàá, ọ̀nà kan láàrin òkè ni ní ilẹ̀ Ethiopia, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì jà ní oṣù March 1941. Awakọ̀ tí ń ké pe èrò pé “Dodan! Dodan!” kò mọ̀ pé orúkọ ojú ogun ni òun ń ké.

Nínú àwọn tí wọ́n lọ sí Bọ́mà ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó wọṣẹ́ ogun nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ní oṣù March 1944 àwọn ọmọ ogun Japan ba ní ibùba, wọ́n yìnbọn lu òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́; egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, a sì fi í sílẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú ẹnì kan tí ó jẹ́ ọmọ Sierra Leone. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀, Shuyiman lórúkọ rẹ̀, ni ó gbà wọ́n sílé, tí ó bọ́ wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù December ọdún náà tí àwọn ọmọ ogun wọn fi padà débẹ̀. Bí àwọn ará Japan bá mọ̀, òun àti ìdílé rẹ̀ ni ìbá kú. Fadoyebo padà sílé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, ó sì gbó kí ó tó kú ní ọdún 2012. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àgbẹ̀ náà sọ́kàn. Kò mọ èdè àwọn ọkùnrin náà, kò mọ ìlú wọn, ogun náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ó rí wọn, ó dúró.

II. ÌRÌN-ÀJÒ NÁÀ

A gbéra ní Ifákò kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a dé Ọ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín, ó sì dárúkọ ìjà Ọ̀rẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi sọ aṣọ nígbà kan. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ ni. Ní oṣù August ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá odò Ọya, wọ́n gba Ìbíní, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ yìí, kí a tó dá wọn padà. Ìlú Èkó gbọ̀n jìgìjìgì ní ọjọ́ wọnnì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé ogun náà jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá kò tíì wo àwòrán ilẹ̀.

Ní ọ̀sán a dé Asaba. Níbẹ̀ ọ̀rọ̀ dá mọ́ wa lẹ́nu, nítorí gbogbo wa mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù October 1967. Àwọn ará ìlú jáde pẹ̀lú orin àti ijó láti kí àwọn ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ káàbọ̀. A yọ àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọkùnrin sọ́tọ̀, a sì yìnbọn pa wọ́n lọ́gọ̀ọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ọdún àti márùn-ún kọjá kí Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, tó wá sí Asaba ní 2002 láti tọrọ ìdáríjì. Èmi kò sọ èyí láti dá ẹ̀bi fún apá kan, kí n sì dá apá kejì láre; ogun náà kò ní apá kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé bàbá mi wọ aṣọ kan náà, èmi kò sì lè gba ọ̀nà náà kọjá bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Láti Asaba a gba orí afárá kọjá sí Onitsha, a sùn ní Owerri, a sì dé Umuahia ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

III. INÚ ỌGBÀ NÁÀ

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ti Nàìjíríà ni orúkọ ibẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù January 1985 ni a ṣí i, ọdún 15 gééré lẹ́yìn tí ogun parí, a sì mọ̀ọ́mọ̀ yan ìlú náà. Nígbà tí Enugu bọ́ lọ́wọ́ Biafra ní oṣù October 1967, Umuahia ni ó di ibùjókòó ìjọba wọn, títí àwọn ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ fi gbà á ní oṣù April 1969. Orí ilẹ̀ tí a fi ṣe ọgbà yìí náà ni ihò abẹ́ ilẹ̀ wà níbi tí rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ sí ayé. Ọwọ́ àjọ ìjọba tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ibẹ̀ wà.

Yàrá mélòó kan wà níbẹ̀ tí a kó àwọn àwòrán àti ohun ìjà kékeré sí. Ọ̀kan jẹ́ ti ogun àwọn baba ńlá wa: ọfà, idà, asà àti ìbọn ṣakabùlà. Ẹnì kan nínú wa sọ pé òun kò mọ̀ pé àwọn Ìgbò àti Yorùbá lo irú idà tí ó jọra tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni agbára ibẹ̀ wà. Lábẹ́ ọ̀run, lórí koríko tí a gé mọ́lẹ̀, ni àwọn ohun ìjà ńláńlá dúró sí, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, àwọn kan ńlá, àwọn kan kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ yóò rò pé ohun ìṣeré ni. Àwọn kékeré wọ̀nyí ni irú èyí tí Carl Gustaf von Rosen, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kó wá ran Biafra lọ́wọ́ ní 1969. Ọkọ̀ ogun ojú omi kan tí ń jẹ́ Bonny, tí Ìjọba Àpapọ̀ lò nínú ogun náà, jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ẹja tí omi gbẹ mọ́ lórí. Ẹnu yà wá, nítorí òkun jìnnà sí ibẹ̀.

Ohun tí ó mú wa dúró pẹ́ jù ni àwọn ohun tí àwọn Biafra fi ọwọ́ ara wọn rọ. Wọ́n mú ọkọ̀ lásán, wọ́n fi irin bò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ ìjà. Wọ́n rọ bọ́ǹbù tí wọ́n pè ní Ogbunigwe, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ohun tí ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń fọ epo rọ̀bì nínú igbó láti fi wa ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin ní Ìkejà, rọra fi ọwọ́ pa ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀, ó ní, “Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ yìí mọ iṣẹ́, sà.” Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó tún ní, “Kí ni ìbá fi ọgbọ́n yìí ṣe bí kò bá sí ogun?” Èmi kò ní èsì fún un. Mo rò pé ìbéèrè náà tó àwíyé kan fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, bí mo ti ń rìn káàkiri ni ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ohun tí kò sí níbẹ̀. Ibọn pọ̀, ọkọ̀ pọ̀, àwòrán àwọn olórí ogun pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú. Ebi ni. A dí ọ̀nà òkun àti ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ Biafra. Àwọn tí ó sá kúrò nílé pọ̀, oko kò sì sí mọ́. Àwọn tí ìṣirò wọn kéré jù sọ pé ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tí ó kú. Àwọn mìíràn sọ pé mílíọ̀nù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní òru, nínú òkùnkùn, ni àwọn Ìjọ Kristi, Pùròtẹ́sítáǹtì àti Àgùdà lápapọ̀, ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ láti erékùṣù São Tomé wá sí ojú títì kan ní Uli tí a sọ di ibi ìbalẹ̀. Wọ́n fò ó ju 5,000 ìgbà lọ. Ìjọba ní Èkó bínú sí i, nítorí pé ìbọn pẹ̀lú ń gba Uli wọlé. Àwọn kan nínú awakọ̀ òfuurufú náà sì kú sẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ. Irin kì í jẹrà bọ̀rọ̀, nítorí náà a rí irin kó sínú ọgbà. Ebi kò ní ohun tí a lè gbé kalẹ̀ lórí koríko.

IV. ÌJÀYÈ

Níbi tí mo dúró sí yìí ni orúkọ àdúgbò tiwa fi wá sí mi lọ́kàn. Ìjọba ìbílẹ̀ wa, tí a yọ lára Agége ní 1996, ń jẹ́ Ifákò-Ìjàyè. Ta ni nínú wa tí ń béèrè ohun tí Ìjàyè túmọ̀ sí, nígbà tí ó bá ń kọ ọ́ sí orí ìwé?

Ìjàyè jẹ́ ìlú ńlá kan ní àríwá Ìbàdàn, Kúrunmí sì ni olórí rẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí Àrẹ̀mọ rẹ̀ Adélù gun orí oyè, Kúrunmí kọ̀ láti gbà á, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù; àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Kì í ṣe àjèjì ni ó gbógun ti Ìjàyè: èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ìlà kan náà ni ó wà lójú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì ti jọ jagun rí ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. A dí ọ̀nà oko mọ́ wọn. Ebi wọ ìlú. Àwọn òbí ń fi ọmọ wọn lé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì kí wọ́n má baà kú, àwọn míṣọ́nnárì Bápútíìsì sì kó àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Adolphus Mann, ti Ìjọ tiwa, wà láàrin ìlú náà pẹ̀lú wọn. Ní Ìbàdàn, níhà kejì ogun, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ń ta ohun ìní wọn láti rí oúnjẹ jẹ. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù March 1862 Ìjàyè fọ́, a sì jó o. Àwọn tí ó là á já di ogunléndé. Àwọn kan dúró ní Abẹ́òkúta, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà oko Agége, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ fún wa, wọ́n sì gbé orúkọ ìlú wọn tí ó jóná dání wá.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Orúkọ tí a kọ sára pátákó ìjọba ìbílẹ̀ wa jẹ́ orúkọ ìlú tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ebi pa. Àwa kò ní ọgbà ìrántí fún wọn. Orúkọ yẹn nìkan ni ọgbà wa. Nítorí náà nígbà tí ọmọ Ìjàyè bá dúró ní Umuahia, kò dúró sí ilẹ̀ àjèjì.

V. OHUN TÍ BÀBÁ MI SỌ, ÀTI OHUN TÍ ÌYÁ KAN SỌ

Mo jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi náà. Ìyá kan tí ó ti sún mọ́ ẹni 70 ọdún jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì. Nígbà tí ó gbọ́ èdè wa, ó kí wa ní Yorùbá tí ó já gaara pé, “Ẹ kú ìrìn o. Ṣé Èkó lẹ ti wá?” Mo ní Ifákò ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Fágbà ni òun gbé fún ọdún 22, pé ọjà Agége ni òun ti ń ta aṣọ òkìrìká, kí òun tó padà sílé.

A sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ fún mi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun nígbà tí ogun le, pé àbúrò òun méjì kú ní oṣù kan náà, àti pé oúnjẹ tí àwọn Ìjọ ń pín ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ni ó gba òun là. “Pánlá tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ ọjọ́ ọdún,” ó ní, “oògùn ni ó jẹ́ fún wa.”

Nígbà náà ni mo sọ fún un ohun tí bàbá mi sọ fún mi lórí ibùsùn rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà kan tí kò jìnnà sí Owerri, ó ń wa ọkọ̀ tí àpò ìrẹsì kún inú rẹ̀. Ọmọdé kan jáde láti inú igbó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú, ó sì ń sáré tẹ̀ lé e. Bàbá mi rí i nínú dígí. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún un pé kí ó má dúró. Ẹ̀rù ni ó bà á, pé bóyá àwọn ọmọ ogun farapamọ́ sínú igbó, pé ìdẹkùn ni ọmọ náà. Ó tẹ ọkọ̀ síwájú. Nígbà tí ó tún wo dígí, kò rí ọmọ náà mọ́. Ó sọ fún mi pé, “Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.”

Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún yín pé mo ń retí pé yóò sọ ohun tí yóò tù mí nínú. Mo jẹ́ Àlùfáà. Èmi ni mo máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó ní, “Àlùfáà, ọmọ náà kì í ṣe èmi. Èmi kò lè gba ẹnu rẹ̀ sọ pé mo dárí ji bàbá yín; ìyẹn di ọwọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà dé Ifákò, bí ẹnikẹ́ni bá di ọkọ̀ yín mú, kí ẹ dúró.”

Ohun gbogbo tí ó sọ nìyẹn. Ó dìde, ó fa àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì lọ wo ọkọ̀ òfuurufú.

VI. OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA LÁTI ṢE

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìyá náà láti ìgbà náà wá. Ìwé Mímọ́ sọ fún wa pé nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, wọ́n to òkúta méjìlá jọ kí àwọn ọmọ wọn lè béèrè ìdí rẹ̀. A kò to òkúta náà fún ẹwà. Fún ìbéèrè ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọgbà Umuahia. Bí a bá wo ọkọ̀ ogun tí a kò sì béèrè nǹkan kan, àwòrán lásán ni a ti lọ yà. Nítorí náà mo gbé ohun mẹ́ta ka iwájú yín.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ilẹ̀. Àwọn tí wọ́n ja ogun abẹ́lé ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Kí akọ̀wé Ìjọ ṣí ìwé kan ní ọdún yìí, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ogun mú lọ láti ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú Ìjọ wa sínú rẹ̀: ọmọ ogun, awakọ̀, alásè, aláàárù, ìyá tí ó sá, ọmọ tí ebi pa. Kí a kọ ti àwọn ará wa tí í ṣe Ìgbò, tí a jọ ń jókòó sórí àga kan náà ní ọjọ́ Ìsinmi, sínú ìwé kan náà, kì í ṣe sínú ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Kí a sì ka orúkọ wọn pọ̀ ní ọdọọdún. Dáfídì ọba sunkún Sọ́ọ̀lù tí ó ń lépa ẹ̀mí rẹ̀. Kí ni yóò dí wa lọ́wọ́?

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ń fọ́. Ní àkókò ìdìbò ọdún 2023, nínú Èkó wa yìí, àwọn kan dí ẹlòmíràn lọ́nà ibi ìdìbò nítorí pé wọ́n fura sí i pé Ìgbò ni, a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó jáde lẹ́nu ẹni tí ó mọ ohun tí ogun jẹ́. Onílé wà nínú wa, mo mọ̀ ọ́n, tí yóò béèrè ẹ̀yà ẹni kí ó tó béèrè owó ilé. Ẹ̀yin ọmọ Ìjàyè, ogunléndé ni ẹ. Ẹnì kan gba àwọn baba yín sílé láìbéèrè.

Ẹ̀kẹta, kí a mú àwọn ọmọ wa lọ. Bí Umuahia bá jìnnà, Gbàgede Tafawa Balewa kò jìnnà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ohun ìjà hàn wọ́n kí a sì dákẹ́. Kí a sọ fún wọn pé ní ọjọ́ 15 January 1970, ní Bárékè Dodan ní Èkó, tí a fi orúkọ ojú ogun Bọ́mà pè, ni àwọn aṣojú Biafra ti wá fi ọwọ́ sí ìwé pé ogun parí, tí Gowon sì sọ pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ọ̀rọ̀ náà kò sì lè dá ara rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ àwa tí a ń gbé ní ilé kan, tí a ń ná ọjà kan, ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ará, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn pẹ̀lú yín ní alẹ́ yìí, mo sì ti wo inú dígí ọkọ̀ bàbá mi. Ọmọ kan ṣì ń sáré lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ní ọ̀la, ní òpópónà Ìjú, ní ibùdókọ̀ Fágbà, ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ẹnì kan yóò di ọkọ̀ wa mú. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ èdè wa. Ẹ jẹ́ kí a dúró.

 Kí Ọlọ́run àlàáfíà wà pẹ̀lú ilé wa gbogbo. Àmín.